Ìlà Ọkọ̀ tí Ojú Kò Tíì Rí

Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 2016, bí aago kan ọ̀sán ti ń lù ní Ìbàdàn, àbúrò mi obìnrin tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní ìpínlẹ̀ California pè mí lórí tẹlifóònù. Aago márùn-ún ìdájí ni lọ́dọ̀ tiwọn. Ẹ̀rù kọ́kọ́ bà mí, nítorí pé ìpè ìdájí láti ìdálẹ̀ kì í sábàá jẹ́ ìpè ayọ̀. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Kò sí nǹkan kan, ẹ̀gbọ́n mi. Orí ìlà ni mo wà." Mo ní ìlà kí ni. Ó ní ìlà àwọn tí ó fẹ́ san àsansílẹ̀ fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ oníná mànàmáná kan ni, èyí tí ilé-iṣẹ́ Tesla fẹ́ fi han aráyé ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní òun gbé àga àti kúbùsù wá, àti pé àwọn mìíràn ti sun ibẹ̀ mọ́jú. Mo bi í pé báwo ni ọkọ̀ náà ti rí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ má bínú, sà, kò sí ẹni tí ó tíì rí i nínú wa."

Ọ̀rọ̀ náà yà mí lẹ́nu. Nínú ọjà tiwa, ojú ni a fi ń ra ọjà, ọwọ́ sì ni a fi ń ran ojú lọ́wọ́. Ẹni tí ó fẹ́ ra iṣu yóò tẹ ìdí rẹ̀ wò. Ẹni tí ó fẹ́ ra àdìrẹ yóò tẹ́ ẹ sójú oòrùn kí ó lè mọ̀ bóyá aró rẹ̀ yóò ṣí. Kí ni ó wá lè mú kí obìnrin tí ó gbọ́n, tí ó mọ iyì owó, tí ó fi iṣẹ́ òru kó owó rẹ̀ jọ, gbé ẹgbẹ̀rún kan dọ́là kalẹ̀ fún ohun tí kò rí? Mo kọ́kọ́ rò pé àṣà tuntun àwọn ará Amẹ́ríkà ni. Nígbà tí mo tú ìtàn wò, mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ láyé, àti pé ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Olùkọ́ èdè ni mí, n kì í ṣe onímọ̀ ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìlérí, ọ̀rọ̀ gbèsè àti ọ̀rọ̀ ìgbẹ́kẹ̀lé kì í ṣe ti àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ nìkan.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ọkọ̀ oníná fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó rò pé ọmọ àná ni. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ní ọdún 1900, nǹkan bí 4,192 ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà. Nínú wọn, 1,681 ni ó ń fi ooru omi gbígbóná rìn, 1,575 ni ó ń fi iná mànàmáná rìn, 936 péré ni ó sì ń lo epo bẹntiróòlù. Ọkọ̀ oníná kò ní èéfín, kò ní ariwo, bẹ́ẹ̀ ni kò sí pé a ń fi irin lọ́ ọ kí ó tó jí. Láti ọdún 1907 ni wọ́n ti ń ṣe èyí tí wọ́n ń pè ní Detroit Electric. Clara Ford, ìyàwó Henry Ford tí ó sọ ọkọ̀ elépo di ohun tí mẹ̀kúnnù lè rà, ní ọ̀kan nínú rẹ̀ tí ó ń wà kiri. Ọkọ ń ta ti elépo, ìyàwó ń gun ti oníná!

Ohun mẹ́ta ni ó ṣẹ́gun ọkọ̀ oníná ayé ìgbà náà. Èkíní ni pé wọ́n rí epo rọ̀bì púpọ̀ ní ìpínlẹ̀ Texas láti ọdún 1901, epo sì di ọ̀pọ̀. Èkejì ni pé Ford bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọkọ̀ Model T ní ọdún 1908, iye owó rẹ̀ sì ń wálẹ̀ lọ́dọọdún. Ẹ̀kẹta ni pé Charles Kettering ṣe ẹ̀rọ kékeré kan tí ó ń fi iná bátìrì jí ẹ́ńjìnì, èyí tí wọ́n fi sínú ọkọ̀ Cadillac ní ọdún 1912, tí ó fi jẹ́ pé kò sí ìdí fún ẹnikẹ́ni láti máa fi irin lọ́ ọkọ̀ mọ́. Ó dunni pé bátìrì, tí í ṣe ọkàn ọkọ̀ oníná, ni wọ́n fi pa á. Kí ọdún 1940 tó dé, ọkọ̀ oníná ti di ohun ìgbàgbé ní ojú títì.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a yà sí ọ̀nà kejì, èyí tí í ṣe ìtàn sísan owó sílẹ̀. Láti oṣù kejì ọdún 1942 títí ogun àgbáyé kejì fi ń parí lọ ní ọdún 1945, àwọn ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà kò ṣe ọkọ̀ fún ará ìlú. Ohun ìjà ogun ni gbogbo wọn ń ṣe. Nígbà tí ogun parí, òùngbẹ ọkọ̀ ń gbẹ àwọn ènìyàn gidigidi. Àsìkò yìí ni ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Preston Tucker dìde ní Chicago. Ó gba ilé-iṣẹ́ ńlá kan tí wọ́n ti ń ṣe ẹ́ńjìnì ọkọ̀ òfuurufú ológun, ó sì fi ọkọ̀ kan hàn ní oṣù kẹfà ọdún 1947, ọkọ̀ tí iná iwájú rẹ̀ jẹ́ mẹ́ta, tí èyí tí ó wà láàárín ń yí tẹ̀lé ibi tí táyà bá kọjú sí. Owó rẹ̀ kò tó. Ó ta ìpín ìdókòwò fún gbogbo ènìyàn, ó ta ẹ̀tọ́ àtita ọkọ̀ fún àwọn oníṣòwò, lẹ́yìn náà ni ó wá dá ọgbọ́n kan: ẹni tí ó bá fẹ́ kí orúkọ òun wà ní iwájú nínú ìwé àwọn tí yóò kọ́kọ́ gba ọkọ̀ lè ra rédíò rẹ̀, aṣọ ìjókòó rẹ̀ àti àpótí ẹrù rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn ènìyàn ra aṣọ ìjókòó fún ìjókòó tí kò tíì sí. Ìjọba àpapọ̀ gbé Tucker lọ sí ilé-ẹjọ́ pé ó fi ìlérí lu àwọn ènìyàn ní jìbìtì. Àwọn ìgbìmọ̀ adájọ́ dá a láre ní oṣù kìíní ọdún 1950, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ náà ti kú. Ọkọ̀ mọ́kànléláàádọ́ta péré ni ó jáde, tí a bá ka àwòkọ́ṣe àkọ́kọ́ mọ́ ọn.

Ìlà mìíràn tún wà tí ó gùn ju ti Tucker lọ. Ní apá ìlà-oòrùn Jámánì, lábẹ́ ìjọba àwọn Kọ́múníìsì, ọkọ̀ tí ó wọ́pọ̀ jù ni Trabant, tí wọ́n ń ṣe ní ìlú Zwickau láti ọdún 1957. Ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ yóò forúkọ sílẹ̀, yóò sì dúró. Ọ̀pọ̀ ni ó dúró ju ọdún mẹ́wàá lọ. Bí ọmọ bá ti pé ọdún méjìdínlógún, àwọn òbí rẹ̀ á ti mú un lọ forúkọ sílẹ̀, kì í ṣe nítorí pé ó ní owó ọkọ̀ lọ́wọ́, bí kò ṣe nítorí pé ipò orí ìlà fúnra rẹ̀ ti di dúkìá. Nítorí pé kò sí àgbà tí ó fẹ́ dúró pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, Trabant àlòkù tí ó wà nílẹ̀ a máa wọ́n ju tuntun tí kò tíì dé lọ. Nígbà tí odi Berlin wó ní oṣù kọkànlá ọdún 1989, tí àwọn ènìyàn rí ọkọ̀ apá ìwọ̀-oòrùn rà, ipò tí ẹlòmíràn ti fi ọdún mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá ṣọ́ di òfo. Kò sí ẹni tí ó jí i gbé. Ohun tí a ń tò sí ni kò níyì mọ́.

Èmi pàápàá kò ṣàjèjì sí irú ìdúró bẹ́ẹ̀. Ọdún 1975 ni ilé-iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní Ọ̀jọ́, ní ọ̀nà Àgbádárìgì, tí ti Peugeot sì bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná. Ọkọ̀ Volkswagen kékeré tí ẹ̀yìn rẹ̀ rí roboto ni àwọn ènìyàn wa sọ ní Ìjàpá, orúkọ tí ó bá a mu tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fi bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí àwọn tí ó ṣe é ń pè é. Bàbá mi jẹ́ olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó kọ̀wé béèrè owó-yíyá láti fi ra Ìjàpá kan, wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ní ọ́fíìsì kan. Ọmọdé ni mí nígbà náà, ṣùgbọ́n mo rántí pé ní gbogbo ìparí oṣù ni ó máa ń lọ béèrè ibi tí orúkọ òun dé. Ìgbà kan ó jẹ́ ẹnì kẹtàlá. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, ó di ẹnì kẹrìndínlógún. A kì í ṣe ìṣirò bẹ́ẹ̀ ní ilé-ìwé tiwa! Àwọn tí ó mọ ènìyàn ni ó gba ẹ̀gbẹ́ wọlé síwájú rẹ̀. Nígbà tí ó gba ọkọ̀ náà níkẹyìn, gbogbo àdúgbò bá a yọ̀, wọ́n da omi sílẹ̀, wọ́n sì gbàdúrà. Ohun tí ó wà lọ́kàn mi láti ìgbà náà ni pé ìlà kì í ṣe ohun tí ó tọ́ gbọnrangandan bí ojú ti ń rí i. Ẹni tí ó di ìwé mú ni ó mọ bí ó ti tẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀dọ̀ ọkọ̀ oníná. Ní ọdún 1990, àwọn aláṣẹ tí ń mójú tó afẹ́fẹ́ ní ìpínlẹ̀ California pàṣẹ pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá bẹ̀rẹ̀ sí í ta iye kan nínú ọkọ̀ tí kò ní èéfín. Ilé-iṣẹ́ General Motors ṣe EV1 ní ọdún 1996, ó lé díẹ̀ ní ẹgbẹ̀rún kan. Wọn kò tà á. Wọ́n fi ń yáni ni, tí ẹni tí ó yá a ń sanwó lóṣooṣù. Nígbà tí àwọn aláṣẹ dẹ òfin náà, ilé-iṣẹ́ gba àwọn ọkọ̀ padà, ní ọdún 2003 sì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ wọn túútúú. Àwọn tí wọ́n ń wà wọ́n bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n ta wọ́n fún àwọn. Wọ́n fi owó lọ̀ wọ́n. Wọ́n tilẹ̀ ṣọ́ ibi tí wọ́n kó ọkọ̀ sí tọ̀sán tòru. Ilé-iṣẹ́ kò gbà. Ó ní àwọn tí ó fẹ́ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ tó.

Ní èrò tèmi, gbólóhùn tí ó gbẹ̀yìn yìí ni ó bí ìlà tí àbúrò mi wà lórí rẹ̀ ní ọdún mẹ́tàlá lẹ́yìn náà. Bí wọ́n bá sọ fún ọ pé ìwọ àti àwọn bíi tìrẹ kò pọ̀, ọ̀nà kan ṣoṣo tí o lè fi já wọn nírọ́ ni pé kí ẹ tò síta kí wọ́n kà yín. Owó tí a san sílẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ kì í ṣe owó ọjà nìkan. Ẹ̀rí ni pẹ̀lú. Ó ń sọ pé, "A wà níbí, a sì pọ̀."

Ọdún 2003 kan náà tí wọ́n ń fọ́ EV1 ni Martin Eberhard àti Marc Tarpenning dá Tesla sílẹ̀. Elon Musk dara pọ̀ mọ́ wọn ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni àsansílẹ̀ ti wà nínú ọ̀nà tí ilé-iṣẹ́ náà ń gbà jẹun. Nígbà tí wọ́n fi ọkọ̀ wọn àkọ́kọ́, Roadster, hàn ní oṣù keje ọdún 2006, ọ̀kẹ́ márùn-ún dọ́là, èyí tí í ṣe 100,000, ni wọ́n ní kí ọgọ́rùn-ún oníbàárà àkọ́kọ́ san pátápátá, nígbà tí ó kù bí ọdún méjì kí wọ́n tó rí ọkọ̀. Ní ìparí ọdún 2008, ilé-iṣẹ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kógbá sílé. Bí ó bá kógbá sílé ní tòótọ́, àwọn tí wọ́n ti sanwó ìbá wà ní ẹ̀yìn báǹkì àti àwọn ayánilówó mìíràn, tí wọn ìbá máa wá ohun tí ó bá ṣẹ́ kù.

Ti ọdún 2016 ni ó wá pabanbarì. Wọ́n ṣèlérí pé Model 3 yóò jẹ́ 35,000 dọ́là, àti pé yóò rin 215 máìlì, èyí tí ó tó 346 kìlómítà, kí ó tó nílò àtigba iná. Ilé ìtajà àwọn ará Ọsirélíà ni ó kọ́kọ́ ṣí, nítorí pé ọ̀dọ̀ wọn ni ilẹ̀ ti kọ́kọ́ mọ́. Nígbà tí Musk fi gun orí pèpéle ní Hawthorne ní alẹ́ ọjọ́ náà, ó ju 115,000 ènìyàn lọ tí ó ti san 1,000 dọ́là. Kí wákàtí mẹ́rìnlélógún tó pé, wọ́n ti lé ní 180,000; kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, wọ́n ti tó 325,000. Ẹ fi 1,000 dọ́là sọ ọ́ di púpọ̀: mílíọ̀nù 325 dọ́là ní ọ̀sẹ̀ kan. Ìwé àdéhùn sọ ọ́ ní kedere pé ilé-iṣẹ́ lè má ya owó náà sọ́tọ̀, pé kò ní í san èlé lórí rẹ̀, àti pé oníbàárà kò gbọdọ̀ ta ipò rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ẹ̀tọ́ kan ni ó fi sílẹ̀ fún un: ó lè gba owó rẹ̀ padà nígbà tí ó bá wù ú.

Níhìn-ín ni mo ti rántí èsúsú. Samuel Johnson ṣe àpèjúwe rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, William Bascom sì kọ̀wé lórí rẹ̀ ní ọdún 1952. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú kọjá òkun mú un lọ, tí ó fi jẹ́ pé àwọn ará Trinidad ń pè é ní "susu" títí di òní. Ìyá mi ṣe olórí èsúsú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí obìnrin mẹ́wàá bá ń dá náírà márùn-ún lọ́sẹ̀, àádọ́ta náírà ni ẹnì kan yóò máa kó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹni tí ó kọ́kọ́ kó o ti dá náírà márùn-ún péré. Ó jẹ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní márùndínláàádọ́ta. Ẹni tí yóò kó o kẹ́yìn ti dá márùndínláàádọ́ta kí ọwọ́ rẹ̀ tó kan nǹkan kan. Òun ni ó yá gbogbo wọn lówó. Àárín ẹni àkọ́kọ́ àti ẹni ìkẹyìn yìí ni gbogbo ọgbọ́n èsúsú wà: àwọn tí ó wà lórí ìlà ni ó ń yá ara wọn lówó, wọ́n mọ ilé ara wọn, wọ́n sì mọ ìran ara wọn.

Bí a bá fi èyí wé ìlà ọkọ̀ oníná, a ó rí ohun tí ó farasin níbẹ̀. Ẹni tí ó wà ní ipò kìíní àti ẹni tí ó wà ní ipò ọ̀kẹ́ mẹ́wàá ni wọ́n jọ jẹ́ ayánilówó. Ẹnì kan ṣoṣo ni ó kọ́kọ́ kó èsúsú náà, kò sì sí lórí ìlà rárá: ilé-iṣẹ́ ni. N kò sọ èyí láti bu ẹnu àtẹ́ lu ẹnikẹ́ni. Àgbẹ̀ a máa gba owó lọ́wọ́ alájàpá kí koko tó gbó, ayé kò sì bàjẹ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ẹni tí ó ń yáni lówó mọ̀ pé òun ń yáni lówó, kí ó má rò pé òun ń ra ọjà.

Báwo wá ni ìlà náà ṣe rìn? Bó pẹ́ bó yá, akólòlò yóò pe baba. Ó pè é, ṣùgbọ́n ó pẹ́. Ọkọ̀ ọgbọ̀n àkọ́kọ́ jáde ní ọjọ́ 28 oṣù keje ọdún 2017, àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ni ó sì gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn. Ní gbogbo oṣù mẹ́ta tí ó parí ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, 260 ọkọ̀ péré ni wọ́n rí ṣe, dípò bí 1,500 tí wọ́n ti fojú sùn. Àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé kò ṣiṣẹ́ bí wọ́n ti rò, ó di dandan kí wọ́n yọ òmíràn kúrò, kí wọ́n sì fi ènìyàn dípò rẹ̀. Wọ́n pa àgọ́ ńlá kan sí àgbàlá ilé-iṣẹ́ wọn ní Fremont, wọ́n ń to ọkọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ìparí oṣù kẹfà ọdún 2018 ni wọ́n tó lè ṣe 5,000 ní ọ̀sẹ̀ kan.

Ìlà náà kò sì tọ́ gbọnrangandan. Àwọn òṣìṣẹ́ ni ó kọ́kọ́ gbà. Àwọn tí wọ́n ti ní ọkọ̀ Tesla tẹ́lẹ̀ tẹ̀ lé wọn. Àwọn ará ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà ṣáájú àwọn ará ìlà-oòrùn. Ẹni tí ó fẹ́ èyí tí ó wọ́n ṣáájú ẹni tí ó fẹ́ èyí tí ó pọ́ọ́kú. Ọkọ̀ tí ó kọ́kọ́ jáde bẹ̀rẹ̀ láti 44,000 dọ́là. Èyí tí wọ́n ṣèlérí ní 35,000, tí ó pe ọ̀pọ̀ jáde sínú òtútù ìdájí, kò dé títí di ìparí oṣù kejì ọdún 2019.

Ìdúró yìí sì ní iye tí ó ń ná ènìyàn. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà dín 7,500 dọ́là kù nínú owó-orí ẹni tí ó bá ra ọkọ̀ oníná, ṣùgbọ́n bí ilé-iṣẹ́ kan bá ti ta 200,000, ìrànwọ́ náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù. Tesla dé iye yìí ní oṣù keje ọdún 2018. Ẹni tí ó gba ọkọ̀ kí ọdún náà tó parí rí 7,500 gbà. Láti oṣù kìíní ọdún 2019, ó di 3,750. Láti oṣù keje, ó di 1,875. Nígbà tí ọdún 2020 fi wọlé, ó ti tán. Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ náà ti lọ́ mọ́ra: ẹni tí ó lágbára láti ra èyí tí ó wọ́n ni ó tètè gbà á, òun náà ni ìjọba ràn lọ́wọ́ jù. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó, tí ó dúró de 35,000, bá ìrànwọ́ ní ìdajì. Àwọn méjèèjì lè ti san àsansílẹ̀ ní wákàtí kan náà. A máa ń sọ pé ẹni tí ó bá tètè dé odò ni ó ń pọn omi tí kò rú. Òótọ́ ni, bí kèrègbè gbogbo wa bá dọ́gba.

Lẹ́yìn náà, àwọn ìlà mìíràn tún tẹ̀ lé e. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2017, Tesla kéde Roadster tuntun, ó sì ní yóò jáde ní ọdún 2020. 50,000 dọ́là ni àsansílẹ̀ rẹ̀, 250,000 sì ni ti àwọn tí ó fẹ́ wà lára àwọn àkọ́kọ́. Ọdún 2024 parí, ẹnikẹ́ni kò tíì gbà á. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, wọ́n fi Cybertruck hàn pẹ̀lú ìlérí pé iye rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ láti 39,900 dọ́là. 100 dọ́là péré ni àsansílẹ̀ rẹ̀. Ìparí oṣù kọkànlá ọdún 2023 ni àwọn àkọ́kọ́ gbà á, iye tí ó kéré jù tí wọ́n kéde ní ọjọ́ náà sì jẹ́ 60,990. Ilé-iṣẹ́ Ford gba 100 dọ́là lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan fún ọkọ̀ akẹ́rù oníná rẹ̀ ní ọdún 2021. Nígbà tí orúkọ súnmọ́ 200,000, ó ti ìwé náà, nítorí pé apá rẹ̀ kò lè ká a. Ilé-iṣẹ́ Fisker, tí òun náà gba àsansílẹ̀, lọ sí ilé-ẹjọ́ ní oṣù kẹfà ọdún 2024 láti sọ pé òun kò lè san gbèsè òun mọ́. Bí àsansílẹ̀ bá ti kéré tó, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rí tí ó jẹ́ ṣe fúyẹ́ tó. Ẹni tí ó san 100,000 ti fi ara rẹ̀ jìn. Ẹni tí ó san 100 kàn ń wò ó ni.

Ó kù kí n sọ bí ti àbúrò mi ṣe parí. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2017, dókítà sọ fún wa pé awọ ti bo ojú méjèèjì ìyá wa, àti pé bí a bá ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn kíákíá, wọn yóò ríran. Olúkúlùkù wa mú ohun tí ó ní wá. Àbúrò mi gba ẹgbẹ̀rún kan dọ́là rẹ̀ padà, ó sì fi ránṣẹ́. Kò sọ fún ìyá wa. Èmi ni mo tú àṣírí náà lẹ́yìn tí wọ́n ti ríran tán, mo sì ṣàlàyé gbogbo ọ̀rọ̀ ìlà náà fún wọn bí mo ti lè ṣe é.

Ìyá wa kò béèrè bí ọkọ̀ náà ti rí. Wọ́n ní, "Ta ni ó fún ní ipò rẹ̀?"

Mo ní kò fún ẹnikẹ́ni. Mo ní bí ó ti jáde, gbogbo àwọn tí ó wà lẹ́yìn kàn sún síwájú lẹ́sẹ̀ kan ni, àti pé kò sí èyí tí ó mọ̀ nínú wọn. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní nínú èsúsú tàwọn, bí ọmọ ẹnì kan bá ń ṣàìsàn, tí kò sì tíì kan ìyá rẹ̀, ẹni tí ó kàn yóò ní kí ó kó tòun, òun yóò sì dúró sí àyè rẹ̀. Wọ́n ní ìgbà mẹ́rin ni àwọn fi ipò àwọn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n sì dárúkọ àwọn obìnrin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà fún mi, àti àìsàn tí ó ṣe ọmọ wọn.

Àbúrò mi ra irú ọkọ̀ náà ní ọdún 2020, nígbà tí kò sí ìlà mọ́. Ó lọ wò ó, ó jókòó sínú rẹ̀, ó wà á yí àdúgbò ká, kí ó tó sanwó. Ìrànwọ́ ìjọba ti tán nígbà náà. Ó padà wá fún irú ọkọ̀ náà ní ọdún 2023, ó sì tún dópin ní ìparí oṣù kẹsàn-án ọdún 2025. Mo bi í bóyá ó kábàámọ̀ pé òun kúrò lórí ìlà. Ó ní rárá, ṣùgbọ́n òun kò kábàámọ̀ òwúrọ̀ ọjọ́ náà pẹ̀lú. Ó ní àwọn tí ó wà níwájú àti lẹ́yìn òun pín kọfí àti búrẹ́dì fún ara wọn, wọ́n ń sọ ohun tí wọ́n fẹ́ kí ayé dà, àti pé láti ìgbà tí òun ti dé ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọjọ́ náà ni òun kọ́kọ́ bá àjèjì sọ̀rọ̀ fún wákàtí mẹ́ta. Mo bi í bóyá ó mọ orúkọ wọn. Ó ní òun béèrè, ṣùgbọ́n òun ti gbàgbé.